Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀rọ Amúlétutù Tuntun àti Fẹ́ǹtì Ilé Àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Alief, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú Houston, wá bá mi láàárọ̀ Sátidé kan. Ìwé iye owó tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kọ fún wọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ìka tẹ ìlà kan lórí rẹ̀, wọ́n ní: “Àbúrò, ẹ̀rọ ni mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀. Kí ló wá kan fẹ́ǹtì 11?”

Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́ ilé Ẹ̀gbọ́n. Àwọn fẹ́ǹtì àjà wọn, ìyẹn irin pẹlẹbẹ alálàfo tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde, kò jọ ohun tó kéré sí ilé náà lọ́jọ́ orí. Àwọn kan ti dípẹtà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti kùn lọ́dà léraléra títí àlàfo rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, oníṣẹ́ yẹn lè jàre, ó sì lè jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹtì ná.” Mo fa àga fún wọn. Ohun tí a jọ sọ lọ́jọ́ náà ni mo tò síbí, nítorí ilé bíi tiwọn pọ̀ ní àdúgbò wa, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra irú wọn náà kò sì kéré.

Ẹnu ilé àti imú ilé

Ẹni tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn wá mọ ẹ̀rọ amúlétutù bí ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri: yàrá kan, ẹ̀rọ kan. Bí ti yàrá bá bàjẹ́, ti pálọ̀ á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń tu gbogbo ilé lára. Apá kan rẹ̀ wà níta, òun ló ń da ooru nù. Apá kejì wà ní òkè àjà, tàbí nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fáànù ńlá kan sì wà nínú rẹ̀. Fáànù yìí ló ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé, tó ń tì í kọjá lára irin tútù, tó sì ń fẹ́ ẹ gba inú àwọn ọ̀pá tó nà káàkiri òkè àjà lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan.

Oríṣi fẹ́ǹtì méjì ló ti ibẹ̀ wá. Àwọn kékeré inú yàrá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ẹnu. Ńlá kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí fílítà sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fa afẹ́fẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní imú. Ilé ìgbàlódé lè ní imú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nínú ilé àtijọ́, ẹyọ kan péré ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé: ẹ̀rọ kò lè fẹ́ ju ohun tó bá fà lọ. Ohun tí kò gba imú wọlé kò lè gba ẹnu jáde.

Ìṣirò tí kò ju ti ọmọ iléèwé lọ

Tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà. Kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ẹ̀rọ náà ṣe wúwo tó. Ayé ìgbà tí yìnyín ni wọ́n fi ń mú nǹkan tutù ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: agbára tó lè ṣe iṣẹ́ tí yìnyín tọ́ọ̀nù kan ń ṣe bó bá yọ́ láàárín wákàtí 24 ni tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn 12,000 BTU ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n jẹ́ tọ́ọ̀nù 3.

Ẹ wá ro àpótí kan tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan kan. Fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, àwọn oníṣẹ́ ń fẹ́ kí fáànù gbé afẹ́fẹ́ tó kún nǹkan bí 400 irú àpótí bẹ́ẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ bíi Houston, wọ́n lè dín in sí 350, kí afẹ́fẹ́ lè rọra kọjá lára irin tútù, kó sì fi omi inú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá fi 400 ṣe é, tọ́ọ̀nù 3 yóò jẹ́ àpótí 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo rẹ̀ yóò sì gba imú kan ṣoṣo.

A mú tépù ìdíwọ̀n, a lọ wọn imú ilé Ẹ̀gbọ́n. Ó jẹ́ íǹṣì 20 ní gígùn, íǹṣì 20 ní fífẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, 400 ni. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fi ń ṣe àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ ni 200 fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 600 fún tọ́ọ̀nù 3. Imú tó yẹ ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 2 ni wọ́n fún ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 3 láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀gbọ́n wò mí, wọ́n ní: “Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.” Mo ní, “Òwe yẹn ni iṣẹ́ náà, ẹ ti sọ ọ́ tán.”

Kí ló dé tí ti àtijọ́ fi gbé e?

Ìbéèrè tí wọ́n tún bi mí nìyẹn, ó sì mọ́gbọ́n wá. Bí imú bá kéré bẹ́ẹ̀, báwo ni ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe lo gbogbo ọdún wọ̀nyí?

Fáànù ló fà á. Bí ọ̀nà bá há mọ́ mọ́tò ẹ̀rọ àtijọ́, á kàn dẹwọ́ ni: afẹ́fẹ́ tó ń gbé á dín kù, ilé á pẹ́ kó tó tutù, owó iná á sì ga, ṣùgbọ́n ariwo kò sí. Onílé á ní ooru Houston ló pọ̀. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó mọ iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní kó gbé. Bí ọ̀nà bá há, á túbọ̀ ṣagbára, á jẹ iná sí i, á sì fi ipá ti afẹ́fẹ́ gba àlàfo tóóró. Ìgbà náà ni fẹ́ǹtì tó dákẹ́ láti ọdún 1974 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun sínú ilé mi, ìyàwó mi jí mi, ó ní ta ló ń súfèé lóru nínú ilé àwa tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé a kì í súfèé lóru. Imú ilé ni. Ẹni tó bá mi ṣe é ti gba owó lọ, kò sì wọn nǹkan kan kó tó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wọ̀n ni ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá. Iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ ni: wọ́n á lu ihò kékeré méjì, ọ̀kan ṣáájú fáànù, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kékeré kan wọ̀n ọ́n, bí dókítà ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé fún jẹ́ 0.5, ní íǹṣì omi. Bí ó bá jẹ́ 0.8 tàbí 0.9, ẹ̀jẹ̀ ilé yín ti ru nìyẹn. Ẹ béèrè nọ́ńbà yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ sì tún béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá parí.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kúkú fi ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀. Kò rọrùn. Ti Ẹ̀gbọ́n ń lo gáàsì R-22, èyí tó ń ba ààbò ozone tó wà lójú ọ̀run jẹ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020 ni wọn kò ti gbọ́dọ̀ ṣe é tàbí kó o wọ Amẹ́ríkà mọ́. Èyí tó kù nílẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n gbà padà lára ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan ni wọ́n ń tà, ó sì wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe jáde láti ọdún 2025 ń lo gáàsì bíi R-32 tàbí R-454B, kò sì ṣeé dà sínú ti àtijọ́. Tinú tòde ló máa ń yí padà.

Fìlà ńlá kì í sọ orí di ńlá

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí àwọn ẹnu tó wà nínú yàrá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn wọn ojú fẹ́ǹtì tó ń rí, kó sì lọ ra ìwọ̀n yẹn. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára fẹ́ǹtì ní ṣọ́ọ̀bù, bíi 10 × 6, ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń wí. Ojú irin náà sábà máa ń fi nǹkan bí íǹṣì méjì fẹ̀ ju ihò lọ, kó lè bo etí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ tú ṣúkúrúù méjèèjì, ẹ sọ fẹ́ǹtì kalẹ̀, kí ẹ wọn ihò fúnra rẹ̀. Ẹ wọn gbogbo yàrá. Ilé tí wọ́n ti tún ṣe rí lè ní ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí fẹ́ǹtì bá ti wà nílẹ̀, ẹ tan iná wo inú ihò náà. Ọ̀pá tó wá síbẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọ̀pá tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6 ní àyè tó tó íǹṣì onígun mẹ́rin 28. Ti íǹṣì 8 ní 50. Íǹṣì méjì péré ló fi lé, àyè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí yàrá kan bá ń gbóná láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 6 tàbí tó ká kò bí ejò lábẹ́ ẹrù òkè àjà, fẹ́ǹtì tuntun kò ní í wò ó sàn. Fìlà ńlá kì í sọ orí di ńlá.

Ṣùgbọ́n àwọn ìgbà wà tí fẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ jẹ̀bi. Èyí tí ọ̀dà ti dí, èyí tí abẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra tí kò ṣí mọ́, èyí tí wọ́n kàn lu ihò wẹ́wẹ́ sí lójú tí irin rẹ̀ pọ̀ ju àlàfo lọ, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo ibi tí abẹ́ rẹ̀ kọjú sí. Òmíràn ń fẹ́ sí ọ̀nà kan, òmíràn sí méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fẹ́ǹtì tó sún mọ́ ògiri inú yẹ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà fèrèsé àti ògiri ìta, níbi tí ooru ti ń wọlé. Afẹ́fẹ́ tó dára máa ń fara gbá àjà lọ títí, á wá rọra sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì yàrá. Bí fẹ́ǹtì bá tóbi ju ohun tó ń gbà á kọjá, afẹ́fẹ́ á rọ, á sì já lulẹ̀ sórí ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Bó bá kéré jù, á hu ariwo. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a kàn ra èyí tó tóbi jù lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Chicago tàbí Baltimore, ẹ lè ti rí i pé fẹ́ǹtì tiwọn sábà máa ń wà nílẹ̀, lábẹ́ fèrèsé. Òtútù ni wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ dè. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè fúnra rẹ̀, nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u jáde. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ilẹ̀ ló fẹ́ dúró sí. Bí wọ́n bá wá so ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún ooru nìkan, ọ̀pá náà sábà máa ń kéré, torí ìtutù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ ju ooru lọ. Fẹ́ǹtì ilẹ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ń darí afẹ́fẹ́ sókè gan-an ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀.

Omi tí kì í ṣe ti òjò

Ẹ̀gbọ́n fi àbààwọ́n pupa rúsúrúsú kan hàn mí lára àjà, yíká fẹ́ǹtì yàrá àlejò. Wọ́n ti pe alátùn-únṣe òrùlé ní ẹ̀ẹ̀mejì. Òrùlé kò jò.

Mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ti rí bí igò omi tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì. Ohun kan náà ni. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti fẹ́ǹtì lè tutù tó nǹkan bí 55 ní ìwọ̀n Fahrenheit. Òkè àjà Houston nígbà ooru lè kọjá 130, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin. Bí àlàfo bá wà láàárín àpótí irin tó gbé fẹ́ǹtì dúró àti ihò tí wọ́n gé sára àjà, afẹ́fẹ́ gbígbóná náà á yọ́ wọlé, á kan irin tútù, á sì di omi. Ìpẹtà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni èbu. Ẹ pààrọ̀ fẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹwàá láìdí àlàfo yẹn, tuntun á tún dípẹtà. Ẹ̀tẹ̀ là á kọ́kọ́ pa ná, ká tó pa làpálàpá.

Ohun tí wọ́n fi ń dí i ni àtè funfun kan tó ki bí ẹ̀kọ, tí wọ́n ń pè ní mastic. Ẹ má ṣe lo tépù aláṣọ aláwọ̀ eérú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí duct tape. Orúkọ rẹ̀ ń tan ni jẹ. Ní ọdún 1998, àwọn onímọ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California dán oríṣiríṣi ohun ìdípá wò lára ọ̀pá afẹ́fẹ́, tépù aláṣọ yìí ló sì já wọn kulẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ jíjò yìí kì í ṣe kékeré: ètò Energy Star ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé nínú ilé tó wọ́pọ̀, nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó ń gba inú ọ̀pá ló ń ṣòfò sọ́nà. Òkè àjà àti eku ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ń tu lára.

Ẹ má ṣe ti ẹnu ilé

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí yàrá àlejò bá ṣófo, kí a ti fẹ́ǹtì rẹ̀ kí owó iná lè dín kù. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ìpalára ló ń ṣe. Fáànù kò mọ̀ pé ẹ ti ilẹ̀kùn kan. Afẹ́fẹ́ náà á wá ibòmíràn gbà, ìfúnpá inú ọ̀pá á ga, ibi tó ń jò á túbọ̀ jò, irin tútù inú ẹ̀rọ sì lè di yìnyín gbagidi. Ẹ lè dín fẹ́ǹtì kan kù díẹ̀ kí yàrá má bàa tutù jù, ṣùgbọ́n kí ẹ má ti púpọ̀ pa.

Ilẹ̀kùn yàrá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Yàrá ní ẹnu, kò ní imú, imú wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn sùn, abẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ni afẹ́fẹ́ lè gbà padà. Bí kápẹ́ẹ̀tì tuntun bá ti dí abẹ́ náà, yàrá á gbóná títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí káfíńtà gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn díẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé fẹ́ǹtì tí kò ní fáànù sí ara ògiri láàárín yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ dá ọwọ́ lé

Títú fẹ́ǹtì àti dídè é padà, iṣẹ́ àkàbà àti sukúdíráfà ni, onílé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1980 lè ní tépù funfun bí ìwé ní oríkèé ọ̀pá irin rẹ̀, asibẹ́sítọ̀sì sì lè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ya á, ẹ má gbá a, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ọdún 1978 ni wọ́n fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé. Nítorí náà, ẹ má ṣe ha ọ̀dà ara fẹ́ǹtì ilé tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ra tuntun. Ní ti gáàsì, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní Texas, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní TDLR ló ń fún oníṣẹ́ amúlétutù ní ìwé àṣẹ, ẹ sì lè wo nọ́ńbà ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ bi oníṣẹ́ náà bóyá ó ti ṣe ìṣirò ooru ilé yín, èyí tí wọ́n ń pè ní Manual J, kó tó pinnu iye tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá kàn wo ẹ̀rọ àtijọ́ tó sì ní “tọ́ọ̀nù 3 náà ni,” àṣìṣe ẹni tó kọ́lé ní 1974 ló fẹ́ dà kọ.

Ìdájọ́ ìwé Ẹ̀gbọ́n

Nígbà tí a parí, a tún mú ìwé iye owó náà. Nínú fẹ́ǹtì 11 tí oníṣẹ́ kọ sílẹ̀, mẹ́rin ni a rí i pé ó yẹ ní pípààrọ̀: mẹ́ta tó ti dípẹtà, ọ̀kan tí ọ̀dà dí. Àwọn méje yòókù ń fẹ́ omi ọṣẹ àti kànìnkànìn ni. Ọ̀rọ̀ imú kò sí nínú ìwé náà rárá. Oníṣẹ́ náà mọ̀ pé fẹ́ǹtì kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ó jàre níbẹ̀. Ẹnu 11 ló kà, ó gbàgbé imú kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀gbọ́n dá ìwé náà padà fún un. Wọ́n ní kó yọ fẹ́ǹtì méje kúrò nínú ìwé, kó fi imú kejì sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ńlá, kó fi àtè dí oríkèé ọ̀pá, kó sì kọ nọ́ńbà ìfúnpá sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá parí.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé kankan, ẹ mú tépù ìdíwọ̀n lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ẹ wọn gígùn imú ilé ní íǹṣì, ẹ fi fífẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 200 pín in. Bí èsì náà bá kéré sí iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi wọ́n.